Ìtàn Tí Gbogbo Ènìyàn Gbà Gbọ́: Àkọsílẹ̀ Ọ̀ràn Kan Lórí Rédíò Aráàlú ní Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ 6 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012, ètò rédíò tí ń jẹ́ This American Life gbé ìtàn kan sáfẹ́fẹ́ láti ẹnu Mike Daisey, òṣèré ará Amẹ́ríkà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kí ó dá jókòó sídìí tábìlì lórí ìtàgé, pẹ̀lú ife omi àti ìwé díẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ó sì máa sọ̀rọ̀ láìsí òṣèré mìíràn tí yóò dá sí i. Ìtàn náà dá lórí ìrìn àjò rẹ̀ sí ìlú Shenzhen ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, níbi tí iléeṣẹ́ Foxconn ti ń to fóònù àti kọ̀ǹpútà fún Apple. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún kan náà, ètò yìí fi odidi wákàtí tí ó ní lọ́sẹ̀ sọ fún àwọn olùgbọ́ rẹ̀ pé irọ́ ti wọnú ìtàn ọ̀hún, àti pé kò yẹ kí àwọn gbé e jáde rárá. Mo tọ ọ̀ràn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé ohun kan náà tí ń mú kí ènìyàn fẹ́ràn ìtàn lórí rédíò ni ó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún irọ́ yìí, òun náà ni wọ́n sì lò láti tú u fó.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú rédíò tí a ń sọ. Rédíò aráàlú ní Amẹ́ríkà kì í ṣe agbẹnusọ ìjọba, kì í sì í ṣe ti oníṣòwò tí ń wá èrè. Òfin tí Ààrẹ Lyndon Johnson buwọ́ lù ní ọdún 1967 ni ó fún un ní ìdúró. Kì í polówó ọjà bíi ti àwọn rédíò oníṣòwò, àwọn olùgbọ́ sì ni wọ́n ń dá apá ńlá nínú owó tí ó fi ń ṣiṣẹ́, kí ó tó kan ti àwọn àjọ, ti yunifásítì àti ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n fòpin sí ní ọdún 2025. Kò sí ẹni tí ó lè fi dandan mú wọn san án, nítorí pé ẹni tí kò san kọ́bọ̀ ń gbọ́ ohun kan náà tí ẹni tí ó san ń gbọ́. Ẹni tí ó bá sì ń fi owó ara rẹ̀ ti ilé iṣẹ́ kan lẹ́yìn báyìí ti fi ọkàn tán an kí ó tó fi owó sílẹ̀.

Ira Glass dá This American Life sílẹ̀ ní iléeṣẹ́ WBEZ ní ìlú Chicago ní oṣù kọkànlá ọdún 1995, lẹ́yìn tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́ rédíò láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀ràn yìí fi ṣẹlẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ rédíò tí ń gbé e sáfẹ́fẹ́ ti lé ní 500, àwọn mìíràn sì ń gbọ́ ọ bíi pọ́díkáàsì lórí fóònù wọn. Kókó ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n máa ń mú lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọn á wá pín ìtàn tí ó bá a mu sí ìpele ìpele bí ẹni ń ṣe eré orí ìtàgé. Àwọn tí ń sọ ìtàn níbẹ̀ kì í ṣe ènìyàn ńlá. Ó lè jẹ́ ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà á kulẹ̀, tàbí ọmọdé tí àwọn òbí rẹ̀ parọ́ fún, tàbí òṣìṣẹ́ kan tí ó rí ohun tí kò yẹ kí ó rí.

Glass kò fi ọgbọ́n tí ń mú ìtàn bẹ́ẹ̀ dùn pamọ́. Ó ti ṣàlàyé rẹ̀ ní gbangba lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun méjì péré ni ó ní ó wà nídìí rẹ̀. Èkíní ni kí ìṣẹ̀lẹ̀ máa tẹ̀ lé ara wọn: eléyìí ṣẹlẹ̀, ó fa ìyẹn, ìyẹn náà sì bí òmíràn. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá ní ọkùnrin kan jí lóru, tí ó rí i pé ilé dákẹ́ ju bí ó ti máa ń dákẹ́ lọ, kò tí ì sọ ohunkóhun tí ó ní láárí, síbẹ̀ kò sí olùgbọ́ tí yóò fẹ́ pa rédíò lásìkò náà, nítorí ìbéèrè ti dìde ní ọkàn rẹ̀. Èkejì ni pé níbi kan, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ dúró, kí ó sọ ohun tí gbogbo rẹ̀ já sí lójú tirẹ̀. Àwọn olóòtú ètò náà tún máa ń fi orin sábẹ́ ọ̀rọ̀, wọn á sì gé orin náà lójijì nígbà tí gbólóhùn tí ó wúwo jù bá fẹ́ jáde. Ẹni tí ó bá tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa yóò rí i pé gbólóhùn tí ó bọ́ sínú ìdákẹ́jẹ́ báyìí máa ń dà bí òótọ́ ju àwọn ìyókù lọ, bẹ́ẹ̀ ẹnu kan náà ni gbogbo wọn ti jáde.

Gbogbo èyí ṣì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ohun tí ó jinlẹ̀ jù wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Akọ̀ròyìn tí ń ka ìròyìn a máa sọ pé àwọn aláṣẹ ní báyìí, àwọn onímọ̀ ní bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń sọ ìtàn lórí rédíò ní tirẹ̀ á ní èmi ni mo dúró níbẹ̀, èmi ni mo fi ojú ara mi rí i. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀ tì, ó ń rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ. A kò rí ojú rẹ̀, a kò rí aṣọ rẹ̀, a kò mọ̀ bóyá olówó ni tàbí aláìní, nítorí náà kò sí ohun tí a lè fi dá a lẹ́jọ́ ju ohùn yẹn lọ. Àjọ The Moth, tí a dá sílẹ̀ ní New York ní ọdún 1997, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ètò orí rédíò tirẹ̀ ní ọdún 2009, gbé gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ka orí ìdí yìí: ẹni tí ó bá bọ́ sórí ìtàgé wọn yóò sọ ìtàn tí ó ṣẹlẹ̀ sí òun fúnra rẹ̀, láìka á láti inú ìwé.

Irú ohùn bẹ́ẹ̀ ni Daisey ní, ó sì mọ̀ ọ́n lò. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi kékeré. Ó ní òun fẹ́ràn àwọn ẹ̀rọ Apple dé ibi pé òun a máa tú wọn palẹ̀ láti fi sinmi, títí òun fi rí ìròyìn ẹnì kan tí ó ra fóònù tuntun, tí ó sì bá àwòrán mélòó kan nínú rẹ̀ tí wọ́n ti yà ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti tò ó, bóyá láti dán kámẹ́rà wò, tí ẹni tí ó yà á kò sì rántí pa á rẹ́. Láti ọjọ́ náà, ó ní òun bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa àwọn ọwọ́ tí ń to àwọn nǹkan náà. Ó wá rìnrìn àjò lọ sí Shenzhen ní ọdún 2010, ó gba ògbufọ̀ kan, ó dúró lẹ́nu géètì Foxconn nínú ṣẹ́ẹ̀tì aláràbarà, òyìnbó fìrìgbọ̀n kan láàárín àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń jáde.

Ohun tí ó ní òun bá pàdé níbẹ̀ ni ó mú ọkàn àwọn olùgbọ́. Ó ní àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì gbé ìbọn. Ó ní òun bá àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá, méjìlá àti mẹ́rìnlá sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń fọ gíláàsì fóònù. Ó ní òun bá àwọn òṣìṣẹ́ tí kẹ́míkà tí ń jẹ́ n-hexane ti pa lára jókòó, tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n débi pé wọn kò lè gbé ife. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ti bàbá kan tí ẹ̀rọ ti fọ́ ọwọ́ rẹ̀ níbi tí ó ti ń ṣe ara iPad, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ ti Apple, tí kò sì tí ì rí ọ̀kan tí a tàn rí. Daisey mú tirẹ̀ jáde nínú àpò, ó tàn án, ó gbé e fún un. Bàbá náà fi ọwọ́ rẹ̀ tí ó ti bàjẹ́ ra ojú ẹ̀rọ náà, àwọn àwòrán inú rẹ̀ ń yí síwá sẹ́yìn, ó sì sọ fún ògbufọ̀ pé bí idán ni ó rí.

Kí a wo ibi tí bàbá yẹn gbé wọlé dáadáa, nítorí òun ni ìtàn náà fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ọ̀rọ̀ nípa wákàtí iṣẹ́ àti owó oṣù wúwo, ó sì ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n etí kì í di irú rẹ̀ mú pẹ́. Ọwọ́ kan tí ó fọ́, tí ń ra ojú gíláàsì tí òun fúnra rẹ̀ bá wọn ṣe, kò ṣeé gbàgbé. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní ìyàlẹ́nu, ó sì ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ó sọ ohun tí gbogbo rẹ̀ já sí, gẹ́gẹ́ bí Glass ti máa ń là á kalẹ̀ pé ìtàn yẹ kí ó rí. Lójú tèmi, ó yẹ kí pípé rẹ̀ ti kọ olóòtú kan lóminú. Nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ tí a bá gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí ní tòótọ́, ekukáká ni a fi ń rí ọ̀kan tí ó gún régé báyìí láìsí ẹni tí ó gbẹ́ ẹ.

Àwọn olùgbọ́ kò jókòó tẹtẹrẹ. Iye ìgbà tí wọ́n gba ìtàn náà sórí ẹ̀rọ wọn tó 888,000, wọ́n sì tún gbọ́ ọ ní tààrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà 206,000, èyí tí ó mú un di pọ́díkáàsì tí wọ́n gbà sílẹ̀ jù nínú gbogbo èyí tí ètò náà ti ṣe títí di ìgbà náà. Olùgbọ́ kan kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Apple pé kí wọ́n tún ipò àwọn òṣìṣẹ́ ṣe, iye àwọn tí wọ́n sì buwọ́ lù ú lé ní 250,000. Daisey di ẹni tí gbogbo iléeṣẹ́ ìròyìn ń pè láti wá sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn Ṣáínà.

A kò lè sọ pé ètò náà kò ṣe àyẹ̀wò. Glass àti olóòtú Brian Reed bi àwọn tí wọ́n mọ̀ nípa àwọn iléeṣẹ́ Ṣáínà léèrè, ọ̀pọ̀ ohun tí Daisey sọ nípa bí Foxconn ṣe rí sì bá òótọ́ mu. Ohun tí wọ́n kò rí ṣàyẹ̀wò ni àwọn ohun tí ó ní ó ṣojú òun. Ẹni kan ṣoṣo tí ó lè jẹ́rìí sí i ni ògbufọ̀ náà, wọ́n sì béèrè rẹ̀. Daisey dá wọn lóhùn pé Anna ni orúkọ rẹ̀ gan-an, pé nọ́ńbà fóònù tí òun ní kò ṣiṣẹ́ mọ́, àti pé kò sí ọ̀nà tí òun lè gbà rí i. Wọ́n gbà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tú síta, Glass kò wí àwíjàre: ó ní ibi tí ó ti yẹ kí àwọn jáwọ́ nínú ìtàn náà nìyẹn.

Rob Schmitz, akọ̀ròyìn ètò rédíò Marketplace tí ń gbé ní Shanghai, ni ìtàn náà kò bá lára mu. Òun náà ti ròyìn lórí àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí. Ó mọ̀ pé ní Ṣáínà, àwọn sójà àti ọlọ́pàá ni òfin gbà láàyè láti gbé ìbọn, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. Ó tún gbọ́ tí Daisey ń sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n dá ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ sílẹ̀ máa ń pàdé ní ilé kọfí Starbucks, ó sì bi ara rẹ̀ léèrè bí ẹni tí owó iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ kò ju dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún lọ yóò ṣe máa mu kọfí níbẹ̀. Ẹni tí kò gbé Ṣáínà rí kò lè fura sí irú nǹkan báwọ̀nyí. Schmitz wá tẹ orúkọ tí Daisey ń pe ògbufọ̀ náà lórí ìtàgé sínú Google, ó fi iṣẹ́ rẹ̀ àti ìlú Shenzhen kún un, ó sì pe nọ́ńbà tí ó kọ́kọ́ jáde. Ògbufọ̀ náà, obìnrin kan, ni ó gbé e. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ti èyí kò pé oṣù mẹ́ta.

Schmitz lọ bá a ní Shenzhen, àwọn méjèèjì sì jọ tún ìtàn náà yẹ̀ wò ní ẹyọ ẹyọ. Obìnrin náà ní àwọn kò rí ìbọn lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ kankan. Ó ní òun kò rántí ọmọdé kankan lẹ́nu géètì, irú èyí kì í sì í ṣe ohun tí òun lè gbàgbé. Kò sí àwọn tí kẹ́míkà pa lára nínú àwọn tí wọ́n bá pàdé. Lóòótọ́ ni àwọn bá ọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́ pàdé, ṣùgbọ́n kò sọ pé Foxconn ni òun ti ṣiṣẹ́. Ní ti iPad tí ó fi ọwọ́ ra, obìnrin náà ní kò wáyé, ó ní bí ohun tí ènìyàn ń wò nínú fíìmù ni ó rí.

Ohun tí ó mú mi lọ́kàn jù nínú gbogbo ọ̀ràn yìí ni bí wọ́n ṣe tú u fó. Ètò náà kò ka ìkéde àtúnṣe ní ìṣẹ́jú méjì kí ó sì kọjá lọ, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìròyìn ti máa ń ṣe. Wọ́n pín wákàtí náà sí ìpele gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Schmitz kọ́kọ́ sọ bí òun ṣe wá ògbufọ̀ náà rí, bí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gan-an. Lẹ́yìn náà ni Daisey jókòó síwájú Glass. Glass bi í léèrè pé kí ló dé tí kò fi sọ òótọ́ fún àwọn nígbà tí àwọn ń ṣàyẹ̀wò. Ìdákẹ́jẹ́ kan tẹ̀ lé ìbéèrè náà, ó gùn débi pé ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé rédíò ti kú. Gbogbo olóòtú rédíò mọ̀ pé a máa ń gé irú òfìfo bẹ́ẹ̀ kúrú. Wọ́n fi èyí sílẹ̀. Nígbà tí Daisey sì fọhùn, ó ní ẹ̀rù ń ba òun, pé bí òun bá tú ibì kan nínú iṣẹ́ náà, gbogbo rẹ̀ yóò tú. Ó gbà pé òun kò bá àwọn tí kẹ́míkà pa lára pàdé, ṣùgbọ́n kò jáwọ́ nínú ohun tí ó sọ nípa bàbá ọlọ́wọ́ fífọ́ náà.

Àwíjàre tí ó fẹsẹ̀ mú ni pé eré ìtàgé ni òun ń ṣe, kì í ṣe iṣẹ́ ìròyìn, àti pé àṣìṣe òun kò ju pé òun gbé e wá sórí ètò ìròyìn lọ. Glass dá a lóhùn pé nígbà tí ènìyàn bá jókòó sórí ìtàgé, tí ó sì ní èyí ṣẹlẹ̀ sí mi, ẹni tí ń wò ó yóò gbà pé ó ṣẹlẹ̀ sí i. Mo gba ti Glass. Àwọn kan ti jiyàn pé òótọ́ tí ó tóbi ju ti ẹyọ ẹyọ lọ ni ìtàn wà fún, pé àwọn òṣìṣẹ́ ń jìyà lóòótọ́, nítorí náà ta ni yóò máa ka ìbọn ẹ̀ṣọ́? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò fi sọ pé mo gbọ́ ọ, mo kà á, wọ́n sọ ọ́ fún mi? Ó mọ̀ pé bí òun bá fi èmi rí i sílẹ̀, àwọn ènìyàn yóò gbọ́ tán, wọn yóò sì bá tiwọn lọ. Ọjà tí ó ń tà kò sí níbòmíràn ju inú gbólóhùn kékeré yẹn lọ.

Ìpele kẹta ètò náà sì fi hàn pé kò sí ìdí fún irọ́ rárá. Charles Duhigg ti ìwé ìròyìn New York Times wá sọ ohun tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ti wádìí nípa àwọn iléeṣẹ́ tí ń ṣiṣẹ́ fún Apple: àṣekún iṣẹ́ tí ó kọjá ààlà, àti ìbúgbàù tí ó pa òṣìṣẹ́. N-hexane pàápàá ti pa àwọn ènìyàn lára ní tòótọ́. Apple fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2011 pé òṣìṣẹ́ 137 ni ó kàn, ṣùgbọ́n ní ìlú Suzhou, tí ó jìnnà réré sí Shenzhen. Daisey kó ìyà tí ó jẹ́ tiwọn, ó gbé e sí ibi tí òun lè sọ pé òun wà. Èyí ni mo kà sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wúwo jù, nítorí pé lẹ́yìn tí irọ́ náà tú, ẹnikẹ́ni tí kò bá fẹ́ gbọ́ nípa àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀hún ti rí ohun tí yóò máa fi ya ọ̀rọ̀ wọn dànù.

Àwọn olùgbọ́ kò sá kúrò nídìí ètò náà. Èmi kò rò pé ẹ̀bẹ̀ nìkan ni ó fà á. Wákàtí tí wọ́n fi tú ara wọn fó yẹn ní gbogbo ohun tí ń mú ìtàn orí rédíò dùn: ohùn tí ń gbọ̀n, ìbéèrè tí a ń dúró de ìdáhùn rẹ̀, àti ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ tí ó ní èmi ni ó ṣẹlẹ̀ sí, ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rí wà fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2014, àwọn ènìyàn inú ètò kan náà bẹ̀rẹ̀ pọ́díkáàsì tí ń jẹ́ Serial, níbi tí Sarah Koenig ti ń tú ọ̀ràn ìpànìyàn kan wò lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tí ó sì ń sọ sí gbangba ibi tí òun kò ti dá lójú àti ibi tí òun ti yí èrò padà. Àìdánilójú tí àwọn olóòtú ti máa ń fi pamọ́ tẹ́lẹ̀ di ohun tí àwọn ènìyàn ń dúró dè lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀.

Daisey tún eré rẹ̀ kọ, ó yọ àwọn ibi tí kò rí bẹ́ẹ̀ kúrò, ó sì tún ṣe é lórí ìtàgé kí ọdún náà tó parí. This American Life gba àwọn tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ṣàyẹ̀wò òdodo ọ̀rọ̀ lọ, wọ́n sì ń yẹ ìtàn ẹni tí ń sọ nípa ara rẹ̀ wò bí wọ́n ti ń yẹ ìròyìn òṣèlú wò. Ní ọdún 2020, nígbà tí a kọ́kọ́ dá ẹ̀bùn Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá fún àwọn akọ̀ròyìn ní Amẹ́ríkà, sílẹ̀ fún ìròyìn olóhùn, àwọn ni wọ́n gbà á, pẹ̀lú àwọn akọ̀ròyìn méjì láti ibòmíràn. Wọ́n ti yọ ohùn ìtàn Daisey kúrò ní ojúlé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ ní kíkọ, pẹ̀lú ìkìlọ̀ lókè rẹ̀.